Jẹ́ Kí N Mọ̀ Pé Ọjà Lo Wá Tà

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Charles Van Doren jókòó síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, ó sì tú àṣírí ara rẹ̀: àwọn ìbéèrè tó ń dáhùn lórí tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń kan sáárá sí i, wọ́n ti máa ń sọ ìdáhùn wọn fún un kó tó jókòó. Ìbàdàn ń yọ̀ pé ohun tuntun wọ̀lú. Lókè òkun lọ́hùn-ún, àwọn tí ohun náà ti mọ́ lára ti ń fi ojú ìfura wò ó.

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni so ọ̀rọ̀ ìlú méjèèjì yìí pọ̀ nígbà náà. Èmi máa ń so wọ́n pọ̀, torí owó ìpolówó ọjà wà nídìí méjèèjì, mo sì gbà pé ibẹ̀ la ti lè mọ ìdí tí inú wa fi ń dùn sí ìpolówó kan tó fi jẹ́ pé a ó máa kọ orin rẹ̀ kiri ilé, tí òmíràn á sì máa bí wa nínú.

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìpolówó. Mo ti gbọ́ ọ títí, mi ò gbà. Ọmọ Yorùbá wo ló dàgbà láìgbọ́ ohùn oníkiri? Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹlẹ́kọ ti ké wọ àdúgbò, ẹlẹ́wà ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí òjò bá sì ti dá àgbàdo sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ò ní lọ kó o má gbọ́ “Láńgbé jinná o!” Ohùn wọn dùn, ọmọdé a sì máa sín wọn jẹ. Ẹni tí kò fẹ́ rà á jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé rẹ̀, kò sì ní bá wọn jà, torí láti orígun ọ̀nà lọ́hùn-ún ló ti mọ̀ pé ọjà ló ń bọ̀. Ẹni tó bá wọlé wá bí àlejò, tó bá ọ jẹun, tó béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ, tó wá di ìgbà tó fẹ́ dìde kó tó sọ pé èlùbọ́ lòun gbé wá tà, ìyẹn yàtọ̀. Inú rẹ ò ní dùn, bí èlùbọ́ náà tiẹ̀ funfun báláú.

Bí oníkiri gan-an ni ìpolówó àkọ́kọ́ tó bófin mu lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ṣe ké. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 1941 ni, ní iléeṣẹ́ WNBT ní New York, lọ́jọ́ tí ìjọba gba àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láyè láti máa gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà. Wọ́n fẹ́ gbé eré béésìbọ́ọ̀lù láàárín ẹgbẹ́ Dodgers ti Brooklyn àti Phillies ti Philadelphia sáfẹ́fẹ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ojú agogo kan yọ lórí àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohùn kan sì sọ pé aago Bulova ni Amẹ́ríkà fi ń rìn. Ó tán. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, dọ́là 9 ni Bulova sì san. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n tó wà nílùú náà lápapọ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ.

Mo fẹ́ràn ìpolówó yẹn. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó fi ọjà rẹ̀ hàn, ó sì yà fún eré. Ẹni tí kò ní ra aago rárá tiẹ̀ rí ohun tó sọ fún un pé àsìkò eré ti tó.

Nígbà tí ogun àgbáyé parí, tí tẹlifíṣọ̀n wá ń wọlé gbogbo èèyàn, nǹkan yí padà. Ọlọ́jà kò kàn ra ìṣẹ́jú kan láàárín ètò mọ́. Ó ra ètò náà látòkèdélẹ̀. Láti ọdún 1948, Texaco tó ń ta epo ọkọ̀ ló ni eré alẹ́ Tuesday tí Milton Berle ń ṣe. Àwọn ọkùnrin tó wọṣọ òṣìṣẹ́ ilé-epo ló ń fi orin ṣí i. Mi ò rí aburú kankan nínú ìyẹn, torí orúkọ ọlọ́jà wà nínú orúkọ ètò. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ ìpolówó nígbà yẹn pẹ̀lú, kò sí pé a ó gbà á sílẹ̀ ká tún un ṣe. Lọ́dún 1954, obìnrin kan tó ń jẹ́ June Graham dúró ti fìríìjì Westinghouse, ó fẹ́ fi han ayé bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe rọrùn ún ṣí. Ó fà á, kò ṣí. Ó tún fà á pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kò ṣí, kámẹ́rà sì ní láti sún mọ́ ojú rẹ̀ kí àwọn tó kù lè rí àyè tú ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń sọ ìtàn yẹn. Kò sẹ́ni tó bínú sí i, torí èèyàn ni wọ́n rí níbẹ̀, èèyàn tó ń tajà.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni ibi tí ọlọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe ọjà. Ìròyìn alẹ́ NBC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, nígbà náà, sìgá Camel ló ń sanwó rẹ̀, orúkọ Camel ló sì ń jẹ́. Wọn ò fẹ́ kí àmì “ẹ má fa sìgá níhìn-ín” hàn nínú àwòrán ìròyìn. Wọn ò fẹ́ rí ẹni tó ń fa ẹ̀yà sìgá ńlá oníwé-tábà, àfi Winston Churchill nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, torí kò sí bí wọ́n ṣe máa fi ojú Churchill hàn láìsí i lẹ́nu rẹ̀. Wò ó dáadáa: ìròyìn ni èyí o. Ẹni tó jókòó sílé rò pé bí ayé ṣe rí lòun ń wò.

Lóṣù Kẹrin ọdún 1959 yẹn kan náà, CBS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà mìíràn, gbé eré kan sáfẹ́fẹ́ lórí ètò Playhouse 90, nípa ìgbẹ́jọ́ àwọn adájọ́ Nazi nílùú Nuremberg. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò gáàsì ìdáná wà lára àwọn tó sanwó ètò náà. Eré náà ò lè má sọ bí wọ́n ṣe fi gáàsì pa àwọn Júù. Nígbà tí òṣèré dé orí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì, àwọn tó ń wò ó rí i pé ó ń mì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ọkẹ́ àìmọye èèyàn ló kú sínú gáàsì, ogun yẹn kò sì tíì parí ju ọdún mẹ́rìnlá lọ, ẹnìkan wá jókòó sí ọ́fíìsì tó ń rò ó pé ọ̀rọ̀ yẹn lè ba ọjà ìdáná jẹ́. Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ìpolówó kì í pa ẹnikẹ́ni lára, ẹnu tó ń mì láìní ohùn yẹn ni mo máa ń rántí.

Ọ̀rọ̀ Van Doren wá ni èyí tó já gbogbo rẹ̀ síta. Orúkọ ètò náà ni Twenty-One, Geritol, oògùn ẹ̀jẹ̀ kan, ló sì ń sanwó rẹ̀. Àwọn méjì á dúró sínú àpótí onígíláàsì, a ó máa bi wọ́n ní ìbéèrè, owó á máa gorí owó. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, òótọ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì dùn rárá, torí àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè kò mọ nǹkan kan. Inú ẹni tó sanwó kò dùn. Láti ìgbà náà ni àwọn olùdarí ti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé. Wọ́n kọ́ Herbert Stempel, ọ̀kan lára àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè, bí yóò ṣe máa nu òógùn ojú, ìgbà tí yóò dákẹ́, ìgbà tí yóò mí kanlẹ̀. Lópin ọdún 1956, wọ́n ní kó kùnà ìbéèrè kan tó mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, kí Van Doren, olùkọ́ yunifásítì tó rẹwà lójú, lè gba ipò rẹ̀. Ó ṣe é. Oògùn ń tà wàràwàrà.

Ohun tó yé mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìpolówó Geritol fúnra rẹ̀ kò dun àwọn èèyàn. Orúkọ rẹ̀ wà lójú tábìlì, gbogbo ayé ń rí i. Ohun tó dùn wọ́n ni pé wọ́n ti fi ìfẹ́ wọn ṣòwò láìsọ fún wọn: wọ́n ti sunkún nítorí Van Doren, wọ́n ti gbàdúrà fún un, ìyá ti pe ọmọ wá wò ó pé “wo bí ìwé ṣe ń gbé èèyàn ga.” Lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ yẹn, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà gba agbára ètò padà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ láàárín ètò ni wọ́n wá ń tà. Ìyẹn ni pé ìpolówó tó ń já eré gé láàárín, èyí tí gbogbo wa ń ráhùn sí, òun ni ìwòsàn tí wọ́n rí fún àìsàn tó le jù ú lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń wo Amẹ́ríkà látòkèèrè, ẹ̀rù sì ti bà wọ́n. Lọ́dún 1952, Lord Reith tó jẹ́ olùdarí àgbà àkọ́kọ́ fún BBC dìde nílé aṣòfin àgbà, ó ní ẹnìkan ló gbé ìgbàgbọ́ wọ England, ẹnìkan ló sì gbé ṣọ̀pọ̀ná àti àjàkálẹ̀ àrùn wọ ibẹ̀. Báyìí, ẹnìkan tún fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n tí ọlọ́jà ń sanwó rẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo jù lójú tèmi. A kì í fi ṣọ̀pọ̀ná ṣeré lẹ́nu. Àmọ́ ẹ̀rù tó bà á kọ́ àwọn aṣòfin lọ́gbọ́n. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1954 gbà kí ìpolówó wà, ṣùgbọ́n ó ní kí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ètò hàn gedegbe, kó sì jẹ́ ibi tí ètò bá ti sinmi fúnra rẹ̀ ni yóò ti wọlé. Ọlọ́jà kò sì gbọdọ̀ ni ètò.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1955, ITV, tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí owó ìpolówó ń bọ́, bẹ̀rẹ̀ ní London. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ polówó, ó sì já mọ́ ọṣẹ ìfọyín Gibbs SR lọ́wọ́. Yìnyín ńlá kan, ọṣẹ ìfọyín láàárín rẹ̀, ohùn kan ń sọ bí ó ṣe tutù lẹ́nu tó. BBC náà ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn: lórí eré rédíò wọn tí tọmọdé tàgbà ń gbọ́, The Archers, wọ́n jẹ́ kí ìyàwó tuntun kan tí gbogbo ìlú fẹ́ràn kú nínú ìjàǹbá iná. Ìlú ń sunkún Grace Archer, àwọn díẹ̀ ń wo ọṣẹ ìfọyín. Ohun tó tẹ̀ lé e lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ràn jù. Wọn ò bínú púpọ̀. Wọ́n sọ ìpolówó di àsìkò tíì. Tí eré bá ti dá dúró, gbogbo ilé á tan kẹ́tùlù iná lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé àwọn tó ń bójú tó iná mànàmáná ilẹ̀ náà ní láti máa mọ àsìkò tí eré tí èèyàn fẹ́ràn ń parí, kí iná má baà já.

Láti London yẹn ni ti Ìbàdàn ti wá. Ìdí tí Awólọ́wọ̀ fi dá WNTV, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn náà, sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Lọ́dún 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sọ̀rọ̀ burúkú sí Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀ tó jáde kúrò nílé aṣòfin. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì, wọ́n kọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá pinnu pé àwọn á ní ẹnu tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ láfẹ́fẹ́ ń jẹ owó, wọ́n sì bá Overseas Rediffusion, iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, da owó pọ̀. Ará ilé kan náà lòun àti Associated-Rediffusion tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n London sáfẹ́fẹ́ láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì láti ọdún 1955. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìpolówó bọ́ tẹlifíṣọ̀n ni a bá dòwò pọ̀. Anike Agbaje-Williams ni ojú tí Ìbàdàn kọ́kọ́ rí nínú àpótí náà, Agodi sì di ibi tí gbogbo ọmọdé fẹ́ lọ wò.

Ọlọ́jà náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Iléeṣẹ́ Lever wà lára àwọn tó sanwó ètò lórí WNBT lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn lọ́dún 1941. Unilever kan náà ló ni Gibbs SR tó ṣí ọjà ní London. Láti ọdún 1923 ni Lever sì ti dé Èkó wá ṣe ọṣẹ fún wa. UAC, ọmọ ilé wọn náà, ló bí iléeṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà polówó tí a wá mọ̀ sí Lintas. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n fi dé, àwọn tó máa lò ó ti jókòó sílẹ̀ dè é.

A ní àpótí tẹlifíṣọ̀n onígi nílé wa n'Ìbàdàn láti ọdún 1980 síwájú, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn tí Bàámi ń fà bò ó lójú tí wọ́n sì ń tì ní kọ́kọ́rọ́ tí àsìkò ìdánwò bá dé. Ọmọ àdúgbò á kún ilẹ̀ pálọ̀, àwọn tí kò ráyè á dúró sójú fèrèsé. Eré tí a máa ń ṣe nígbà ìpolówó ni “Tèmi nìyẹn!” Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ló ni ohun tó bá yọ. Àbúrò mi gba ọkọ̀ Peugeot tó pọ̀ tó iléeṣẹ́ kan. Èmi gba bísíkíìtì, mílíìkì alágolo, ọṣẹ Omo, mo tiẹ̀ gba obìnrin kan tó ń fi ọṣẹ ìwẹ̀ pa ara lẹ́ẹ̀kan, Màámi sì gbá mi létí. A mọ orin gbogbo wọn lórí, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, a sì ń kọ ọ́ lọ́nà omi.

Màámi ò ní aago ọwọ́. Orin ìpolówó ni aago tiwọn. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, “Ó yá, ta ló kàn láti wo ọbẹ̀ yẹn?” A ó sáré lọ, a ó sáré bọ̀, ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ a béèrè pé “kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀?” Ó máa ń bí wa nínú o. Tí Baba Sàlá bá ti fẹ́ kó sọ́wọ́ ẹni tó jẹ lówó, tí wọ́n bá wá gé e níbẹ̀ gan-an, “Ṣíọ̀!” ló máa jáde lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ìbínú tí kì í pẹ́ ni. A mọ̀ pé Baba Sàlá ń bọ̀.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí Màámi, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ìpolówó Gẹ̀ẹ́sì bá ń lọ, wọn a máa to obì wọn. Tó bá wá di ti Yorùbá, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á sì máa dá a lóhùn. Tí obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n bá ní oògùn yìí ń lé orí fífọ́ lọ, Ìyá àgbà á ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ti orúnkún ńkọ́?” Wọn kò purọ́ fún ara wọn pé ẹni yẹn ń gbọ́. Ẹnìkan bá wọn sọ̀rọ̀ lédè wọn, ọmọlúàbí sì gbọ́dọ̀ fèsì.

Ìkéde kan wà tí kò sẹ́ni tó ń dìde nígbà tó bá ń lọ. Owó ni wọ́n san fún un bíi ti ọṣẹ, kò sì ní orin tó dùn. Ìkéde òkú ni. Àwòrán kan ṣoṣo tí kò mì, bàbá arúgbó kan tó dé fìlà abetí-ajá, ohùn kan ń kà á pé àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ àti gbogbo ẹbí ń kéde ipapòdà bàbá wọn, pé àìsùn yóò wà nílé olóògbé ní Ọjọ́bọ̀, ìsìnkú lọ́jọ́ Ẹtì, àpèjẹ lẹ́yìn náà. Gbogbo pálọ̀ á dákẹ́. Bàámi á ní kí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè. “Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n Alhaji tó wà ní Bẹẹrẹ nìyẹn?” A ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò aṣọ tí a ó wọ̀ kí àwòrán tó kúrò. Àwọn àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé nítorí ìkéde òkú nìkan ni wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Tí wọ́n bá sọ fún mi pé ohun tí a sanwó fún kì í wọ òǹwòran lára, ibẹ̀ ni mo máa ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ wa ló sọ, ẹni tó ní i dárúkọ ara rẹ̀, a sì mọ ibi tí a ó ti rí i.

Àwọn kan wà tí ara wọn ò gba ìpolówó rárá. Eugene McDonald, ọ̀gá iléeṣẹ́ Zenith tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ní Chicago, gbà pé àwọn èèyàn ò ní fara da á pẹ́, ó sì fẹ́ ohun tí wọ́n á fi pa á lẹ́nu. Lọ́dún 1950 wọ́n ṣe rìmóòtù tó ní wáyà gígùn, àwọn èèyàn ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. Lọ́dún 1955, Eugene Polley ṣe èyí tí kò ní wáyà, Flash-Matic: bí ìbọn ló rí, iná ni wọ́n ń tàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlifíṣọ̀n, igun kan sì wà fún àtipa ohùn. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, tẹlifíṣọ̀n á máa yí ètò fúnra rẹ̀. Láti inú ìbínú sí ìpolówó ni rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa lónìí ti wá, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìbínú yẹn ti tán. Ariwo nìkan ti tó: àwọn ará Amẹ́ríkà ráhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ohùn ìpolówó ń ga ju ti ètò lọ, ó sì di ọdún 2010 kí wọ́n tó fi òfin dè é.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Netflix. Ọdún lórí ọdún ni àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n má baà rí ìpolówó níbẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n ní ẹni tó bá fara mọ́ ìpolówó, kó san owó tó kéré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì yàn án. Àdéhùn tó hàn gbangba ni, ẹni tó gbà á mọ ohun tóun gbà.

Èyí tó ń dùn mí nílé ni èyí tí kò ní àdéhùn. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986, tí owó ìjọba ń fà sẹ́yìn, àwọn iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí ìròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, ìwúyè rẹ̀, tàbí ilé tuntun tó ṣí sínú ìròyìn, á sanwó. Ohùn tó ń ka ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ lòun kan náà ń ka ti olówó, láìsí orin, láìsí àmì, láìsí “àwọn tó gbé ètò yìí wá fún yín ni.” Bàámi máa ń gba ohun tí wọ́n bá gbọ́ nínú ìròyìn gbọ́. Ọṣẹ ni wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rà. Èyí ló fi burú: ibi tí èèyàn ti sọ ìfura kalẹ̀ ni wọ́n ti ń tà fún un.

Lónìí, ó ti kúrò nínú ìròyìn, ó ti wọ ibi gbogbo. Fíìmù Yorùbá pọ̀ lórí YouTube, ọ̀fẹ́ ni, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ìpolówó tí YouTube fúnra rẹ̀ ń gbé wọlé kò dí mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ ibi tí mo ti lè fò ó. Ohun tó ń ṣe mí ni ìyá inú fíìmù tó ń sunkún nítorí ọmọ rẹ̀ tó sọnù, tó wá nu ojú nù, tó ní kí ọ̀rẹ́ òun wo ìpara tí òun ń lò, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù sì jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárín ẹkún. Àwọn tó ń ṣe eré kékeré lórí fóònù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á sọ ìtàn ìgbéyàwó wọn fún ọ, ọkàn rẹ á ti wọ inú rẹ̀, kó tó yé ọ pé iléeṣẹ́ kan ló ra ìtàn náà. Òfin ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, ti ọdún 2022 ní kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ó dára. Bí ohun kan kò bá jẹ́wọ́ pé ìpolówó lòun, ta ni yóò gbé e lọ fún àyẹ̀wò?

Mi ò ní kí wọ́n má gba owó. Mo mọ iye tí jẹnẹrétọ̀ ń mu níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, mo sì mọ̀ pé owó tó ń wọlé láti YouTube nìkan kì í tó. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 2011 ni mo fẹ́ kí a wò. Wọ́n gbà nígbà náà kí ọlọ́jà sanwó kí ọjà rẹ̀ lè hàn nínú eré tẹlifíṣọ̀n, èyí tí wọ́n ti kọ̀ láti ìgbà òfin ọdún 1954. Àmọ́ wọ́n ní kí lẹ́tà P kan yọ ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó bá ti ìpolówó dé, àti nígbà tó bá parí, kó wà níbẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ẹni tó rí i mọ̀ pé ẹnìkan sanwó fún ohun kan nínú ohun tóun fẹ́ wò.

Àwa ò tiẹ̀ nílò lẹ́tà. Ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù, ẹ kọ ọ́ lédè Yorùbá sójú fíìmù kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan sì kà á sókè fún àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé: “Oní-báyìí-báyìí tó ń ta ìpara ní ọjà báyìí-báyìí ló san lára owó fíìmù yìí, ẹ ó sì rí ìpara rẹ̀ nínú rẹ̀.” Kí ìyá inú fíìmù wá máa sunkún ọmọ rẹ̀ nìṣó lẹ́yìn ìyẹn. Èmi yóò bá a sunkún, bí ìpara náà bá sì dára, mo mọ ọjà tí mo ti lè rà á.